Ọkùnrin Tí Ó Máa Ń Dákẹ́ Kí Ó Tó Dáhùn

Ọjọ́ tí Kínìdí kọ́kọ́ rí ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ padà fà mọ́, ńṣe ni ó ní kí ó máa lọ sílé. Kì í ṣe pé wọ́n jà. Iṣẹ́ ni ọkùnrin náà wá wá, Kínìdí sì wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n jókòó lẹ́yìn tábìlì, tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò. Ilé-iṣẹ́ wọn ń kó ẹja pamọ́ sínú yàrá tútù, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa tún àwọn ẹ̀rọ tí ń mú yàrá náà tutù ṣe. Kínìdí kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fún un, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó níwájú rẹ̀, ìbáà sọ pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ òun bí ojú, "Kí nìdí?" ni yóò gbọ́.

Ọkùnrin yìí wọlé, ó kí wọn, ó jókòó. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìka rẹ̀ sì ní àwọn àpá kéékèèké tí iná máa ń dá sára àwọn tó ń jó irin pọ̀. Kínìdí bi í pé, "Kí nìdí tí ẹ fi kúrò níbi iṣẹ́ tí ẹ wà tẹ́lẹ̀?"

Ọkùnrin náà dákẹ́.

Kò wo ilẹ̀, ojú kò sì tì í. Ó kàn dákẹ́ ni, ó ń wo ìbéèrè náà bí ẹni tó ń wo ẹ̀rọ tí kò tíì tú. Ọ̀gá tí ó jókòó lápá ọ̀tún Kínìdí wúkọ́. Èkejì wo aago. Ìgbà tí ọkùnrin náà yóò fi dáhùn pé ọ̀gá òun fẹ́ kí òun máa fi ohun-èlò àlòkù ṣiṣẹ́, kí òun sì máa sọ fún oníbàárà pé tuntun ni, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní ìbéèrè kejì àti ìkẹta. Nígbà tí ó jáde, Kínìdí gan-an ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Ẹni tí yóò máa rò ó tó báyìí, bí ẹ̀rọ bá kú lójijì, ẹja á ti jẹrà kó tó dìde." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù dún lórí tábìlì Kínìdí.

"Ẹ káàsán, Màdáámù. Èmi ni mo wá fún íńtáfíù iṣẹ́ ẹ̀rọ yàrá tútù. Ẹni tó máa ń dákẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Kínìdí, ó sì gbé e mì. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. A ti mú ẹlòmíì."

"Mo ti gbọ́, mà. Ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe tí kò dáa ni, kí n má baà tún ṣe é níbòmíì."

Láti ìgbà tí Kínìdí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, àwọn èèyàn ti pè é láti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti pè é láti bú u, ẹnì kan tilẹ̀ ti pè é láti sọ fún un pé Ọlọ́run ń wò ó. Kò tíì sí ẹni tí ó pè é láti béèrè àṣìṣe ara rẹ̀. Ó lè sọ pé àyè ló kún, ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

"Ẹ̀ ń pẹ́ jù kẹ́ ẹ tó dáhùn. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹ̀ ń ronú. Ẹni tó jókòó níwájú yín ò mọ̀."

Ọkùnrin náà dákẹ́ títí Kínìdí fi rò pé ìlà ti já.

"Ẹ ṣé, mà," ni ó wí níkẹyìn. "Ṣé ẹ lè kọ́ mi?"

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní ìsọdá ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n ti ń ta tíì àti búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pàdé lẹ́yìn iṣẹ́. Kínìdí yóò ṣe ọ̀gá, ọkùnrin náà yóò ṣe olùwáṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Farabalẹ̀, Kínìdí sì sọ fún un pé orúkọ yẹn gan-an ló ń bá a jà.

"Bí mo bá ti ń pa ẹnu dé báyìí, kí tiyín máa ṣí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àyè wà láàárín. Ó yá! Kí ni àléébù yín?"

Farabalẹ̀ dákẹ́.

"Ẹ wò ó! Àléébù yín rè é!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó ń ta tíì yíjú wò wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni Farabalẹ̀ ń kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ìgò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó dáhùn wàrà-wàrà bí Kínìdí ṣe kọ́ ọ, wọ́n sì gbà á. Ó wá sọ fún un. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, iṣẹ́ ti bọ́ sí i, ẹ̀kọ́ ti tán, síbẹ̀ Farabalẹ̀ kò yé wá sí ṣọ́ọ̀bù náà.

"Farabalẹ̀, ìwọ tó o ti ríṣẹ́. Kí nìdí tó o fi ṣì ń wá?"

Ó ń fi ṣíbí ro tíì rẹ̀ títí tíì fi tutù. Kínìdí kò sọ fún un pé kí ó yára, kò sì mọ ìdí tí òun kò fi sọ ọ́.

"Nítorí pé ìwọ ni mò ń wá," ni Farabalẹ̀ wí.

Kínìdí rìn lọ sí ibùdókọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì kọjá ibùdókọ̀ láìmọ̀. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí bí ìfẹ́ wọn yóò ṣe dé ibi kankan tí kò ní gba ọwọ́ Bàbá kọjá. Bàbá Kínìdí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gbígba òṣìṣẹ́. Òun ni ó kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ náà, lórí tábìlì ìjẹun, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú tí ó ku àwọn méjèèjì nínú ilé. "Kí nìdí?" tí wọ́n fi ń pe Kínìdí, ogún bàbá rẹ̀ ni. Ọkùnrin tí ó bá sì ní òun fẹ́ ọmọ náà, orí tábìlì yẹn kan náà ni yóò jókòó sí. Bàbá yóò palẹ̀ ìwé ìròyìn mọ́, yóò gbé ife omi kan síwájú ẹni náà, yóò sì wọ awójú rẹ̀. Lọ́yà kan ti wá rí, ó sọ̀rọ̀ títí Bàbá fi sùn lọ. Oníṣirò owó kan náà wá, Bàbá ní ṣé ó ní ìbéèrè, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ara wọn ni wọ́n ń gbé tàbí wọ́n háyà rẹ̀ ni. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sìn ín dé ẹnu géètì.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kínìdí pinnu pé ẹni tí òun fẹ́ yìí kò ní jìn sí i.

"Tí Bàbá bá ní, 'Kí nìdí tí ẹ fi fẹ́ ọmọ mi?' kí lo máa sọ?"

Farabalẹ̀ dákẹ́.

"Ó tún ti dé! Tó o bá dákẹ́ báyìí níwájú wọn, wọ́n á ní o ò fẹ́ mi."

"Mo fẹ́ rò ó ni."

"Mo ti bá ẹ rò ó. Sọ pé, 'Nítorí pé ó ní ìwà, ó ní ọgbọ́n, ó sì mọ ìwúlò iṣẹ́.' Ó yá."

Farabalẹ̀ tún un sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kíákíá. Lẹ́yìn náà ni ó wo Kínìdí. "Ṣé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí ṣá?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?" ni Kínìdí fi dá a lóhùn, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Kínìdí wà ní ilé ìdáná pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tí ó ti gbẹ̀bí fún ìdajì àdúgbò kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohùn Bàbá.

"Ẹ jókòó, ọ̀gbẹ́ni. Kí nìdí tí ẹ fi fẹ́ ọmọ mi?"

"Nítorí pé ó ní ìwà, ó ní ọgbọ́n, ó sì mọ ìwúlò iṣẹ́, sà."

"Bí èdè-àìyedè bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé ńkọ́?"

"Màá kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀ kí n tó sọ tèmi, sà."

Ìbéèrè ń bọ́ sọ́tùn-ún, ó ń bọ́ sósì, kò sí èyí tí Farabalẹ̀ kò gbá mú. Kínìdí di ọwọ́ Àǹtí Nọ́ọ̀sì mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Àǹtí kàn ń nu àwo tí ó ti gbẹ.

Farabalẹ̀ lọ tán, Bàbá bọ́ awójú rẹ̀. "Rárá," ni ó wí.

"Bàbá! Kí nìdí?"

"Kí n tó pa ẹnu dé ni ó ti ń dáhùn. Ìwọ náà mọ ohun tíyẹn jẹ́. Ẹni tí wọ́n kọ́ ni. 'Ó mọ ìwúlò iṣẹ́.' Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa obìnrin tó fẹ́ fẹ́? Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yẹn, ìwọ lo kọ́ ọ, òun sì wá kà á sí mi létí. Ẹni tí mo bi léèrè nípa ọmọ tí mo dá tọ́, tí kò tilẹ̀ dúró rò ó, kí ni kí n fi ìyẹn ṣe?"

"Ó máa ń rò ó, Bàbá! Ó máa ń rò ó jù! Èmi ni mo ní kó má…"

Ó rántí ẹja tí yóò jẹrà. Ó rántí bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó fi lé ọkùnrin yìí lọ níjọ́ kìíní ni bàbá rẹ̀ ń wá lára rẹ̀, òun gan-an sì ni ó bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù.

"Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo dáhùn gbogbo ẹ̀," ni Bàbá wí, ó sì ń padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀, "a jẹ́ pé ìwọ ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. O yege."

Nígbà tí Kínìdí sọ fún Farabalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tíì, kò bínú sókè. Ìyẹn àti "ẹ" tó tún padà sẹ́nu rẹ̀ ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le.

"Ẹ lé mi torí pé mo dákẹ́. Bàbá yín lé mi torí pé mi ò dákẹ́. Èwo ni kí n wá ṣe?"

"Tìẹ ni kó o ṣe, Farabalẹ̀. Jọ̀ọ́."

"Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́." Ó dìde, ó san owó tíì, ó lọ. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò sì wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Kínìdí ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà ní òun nìkan. Ó mú fóònù, ó gbé e sílẹ̀. Bó bá pè é, kí ni yóò sọ? Gbogbo ohun tó bá wá sí i lọ́kàn ló dà bí ohun tó kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ọkùnrin náà ni òun fẹ́ràn, àbí iṣẹ́ ọwọ́ òun tí òun rí lára rẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá obìnrin kan lẹ́nu wò, obìnrin náà dákẹ́, ọ̀gá apá ọ̀tún sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. "Ẹ jẹ́ kó rò ó," ni Kínìdí wí. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe rò lọ, ọ̀gá náà sì gbé ikọ́ rẹ̀ mì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni kò lè wò ó mọ́. Ó kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ìwé ìròyìn, Kínìdí sì ń gbọ́ wọn láti yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀rù ló ba àwọn ọmọ yẹn. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ̀yin náà lọ rí bàbá ìyàwó yín?"

"Ìyẹn ti pẹ́."

"Ẹ wọlé, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní, 'Ó dàbọ̀, sà.' Ìyàwó yín rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi kú. Ká ní wọ́n fi ìyẹn díwọ̀n yín ńkọ́?"

Kínìdí gbọ́ tí Bàbá ń ká ìwé ìròyìn pọ̀. Bàbá ní kí ọkùnrin náà padà wá. Ṣùgbọ́n kí Kínìdí má ṣe bá a sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ jókòó sí ilé ìdáná mọ́. Ìdí tábìlì gan-an ni yóò jókòó sí, kí ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Àǹtí tún wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ Farabalẹ̀. Nígbà tí ó padà délé, Kínìdí ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló wí, Àǹtí?"

"Kò wí nǹkan kan. Mo jíṣẹ́ tán, ó kàn ń fọ gíríìsì lọ́wọ́. Ó fọ̀ ọ́ títí. Èmi náà sì jókòó. Ọmọ mélòó ni mo ti gbẹ̀bí wọn láyé yìí? Tó bá di ká dúró, ta ló tó mi?" Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Ó ní òun máa wá."

Ní ọjọ́ náà, kò sí ìwé ìròyìn lórí tábìlì. Ife omi wà níbẹ̀. Bàbá wọ awójú, Àǹtí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Kínìdí sì wà ní ìkángun tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan. Farabalẹ̀ kí gbogbo wọn. Ó ti rù díẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kan ti Kínìdí, Kínìdí ṣáà ń wo ife omi kí omijé má baà bọ́ lójú rẹ̀.

"Jókòó," ni Bàbá wí. "Kí nìdí tí o fi fẹ́ ọmọ mi?"

Farabalẹ̀ dákẹ́.

Fáànù ń yí lókè. Ẹnì kan ń pọn omi nílé kejì, omi sì kún, ẹni náà pa ẹ̀rọ. Farabalẹ̀ ṣì dákẹ́. Gbogbo ara Kínìdí ń sọ pé kí ó ràn án lọ́wọ́, àfi bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ó di etí àga mú. Bàbá kò wúkọ́, kò sì wo aago.

"Mi ò mọ gbogbo ẹ̀ tán, sà," ni Farabalẹ̀ wí. "Nígbà tí wọn ò gbà mí síbi iṣẹ́ wọn, mo pè é. Ó lè parọ́ fún mi, mi ò ní mọ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo wá rò ó pé ilé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, èèyàn ò ní máa fọwọ́ wá ògiri kiri bí afọ́jú níbẹ̀." Ó tún dákẹ́ díẹ̀. "Àti pé inú mi máa ń dùn tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò ní ìdí, sà."

Bàbá ń wò ó. "Ṣé o ní ìbéèrè kankan fún wa?"

"Ẹni tí mo fẹ́ bi ni ẹ ní kó má sọ̀rọ̀."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo Farabalẹ̀, ó ní, "Ó yá, bi í."

Farabalẹ̀ yí àga rẹ̀ sí Kínìdí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bi mí ní ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó bi ìwọ. Kí nìdí tó o fi fẹ́ mi?"

Láti kékeré ni Kínìdí ti ń dáhùn ìbéèrè lórí tábìlì yẹn. Èsì mẹ́rin tàbí márùn-ún sáré wá sí i lẹ́nu, gbogbo wọn ló dán, gbogbo wọn ló gún régé. Ó gbé wọn mì. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Àǹtí fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Fi í sílẹ̀," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Ó ń rò ó."

Nígbà tí ohùn Kínìdí jáde, kò dún bí ohùn ọ̀gá. "Níbi iṣẹ́, èmi ni mò ń béèrè. Nílé, Bàbá ni. Láyé mi, mi ò jókòó jẹ́ẹ́ rí. Tó o bá dákẹ́ níwájú mi, ara mi máa ń balẹ̀. Mi ò tètè mọ̀. Mo lé ẹ lọ nítorí ẹ̀, mo tún kọ́ ẹ kó o má ṣe é mọ́. Ìgbà tí o ò wá mọ́ ni mo tó mọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Farabalẹ̀. Bó o ṣe wá níjọ́ kìíní yẹn gan-an ni mo fẹ́."

Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Bàbá bọ́ awójú, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, bẹ́ẹ̀ awójú náà kò dọ̀tí. Ó na ọwọ́ mú ife omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún Farabalẹ̀, ó sì mu ún tán. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ìbéèrè tí ó máa ń gbẹ̀yìn níbi iṣẹ́ rẹ̀ láyé ọjọ́un, èyí tí wọn kì í bi ẹni tí wọn kò ní gbà.

"Ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀?"

"Lọ́la, sà!"

Bàbá kò tíì pa ẹnu dé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wọ awójú padà, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó wò ó láti orí rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo tún kọ́ ọ nìyẹn?"

"Rárá, Bàbá," ni Kínìdí wí. "Tiẹ̀ ni."